Ènìyàn Mẹ́rin Ló Gbé Àkéte Náà

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Máàkù 2:1-12, 1 Àwọn Ọba 19:1-8, Jòhánù 19:25-27

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ sùn dáadáa. Mo sì tún kí ẹ̀yin tí ẹ ò sùn, torí ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ jí ní aago méjì òru láti yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ẹ tún jí ní aago mẹ́rin láti pààrọ̀ aṣọ tó ti tutù, tí ẹ sì ti gbé omi kaná kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ kan, ṣíbí ògì wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ má dààmú láti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Kò ní sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú bí a ṣe ń kíra wa. Bí àìsàn bá wà nínú ilé kan ní Ìdóàní níbí, ará àdúgbò á yà. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ kú aájò o. Ara wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹun?" Ẹni tó ń tọ́jú á dáhùn pé, "A dúpẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni." Wọ́n á ní, "Olúwa á fún wọn lálàáfíà," wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ìkíni tó dára ni, a ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: orí aláìsàn ni gbogbo ìbéèrè yẹn dá lé. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń dáhùn, tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, tí aṣọ rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ, kò sẹ́ni tó bi òun pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín láàárọ̀ yìí.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa. Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà máa na ìka sí i. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló kọlu ọkọ rẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Obìnrin yìí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń dì í mú lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òun náà ló tún ń lọ sóko, torí bí kò bá lọ, kí ni wọ́n máa jẹ?

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, ó dúró dè mí. Ó ní, "Bàbá, ó rẹ̀ mí." Èmi náà ń kánjú. Kíá ni mo dá a lóhùn: "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, màmá. Olúwa ni agbára yín. Èrè ń bẹ níwájú." Mo fi òróró kàn án lórí, mo gbàdúrà, mo lọ. Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni mo pa dé mọ́ ọn lójú.

Oṣù mélòó kan kọjá kó tó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé ó rẹ òun. Ó jókòó, ó pẹ́ kó tó la ẹnu. Ó ní, "Bàbá, mo ti gba àdúrà kan tí mi ò lè sọ sétí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó mú wọn lọ. Òru ni. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rù bà mí. Ṣé mo ti pa ọkọ mi? Ṣé Ọlọ́run á dárí jì mí?"

Ẹ̀yin ará, mi ò rí ẹsẹ Bíbélì kankan sọ. Mo wá bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Màmá, kí lẹ ń fẹ́?" Ẹ gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn. Kò béèrè iṣẹ́ ìyanu. Kò béèrè owó. Ó ní, "Kí n sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, kí n má máa fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n ń pè mí."

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí Bíbélì mi sí Máàkù orí kejì.

*Iye wọn wà níbẹ̀*

Àti kékeré la ti mọ ìtàn yẹn. Jésù wà nínú ilé kan ní Kápánáúmù, èrò kún débi pé ẹnu ọ̀nà ò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n gbé ẹlẹ́gbà kan wá. Wọn ò rí ọ̀nà wọlé, ni wọ́n bá gun orí òrùlé, wọ́n dá a lu, wọ́n sì sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ tàkéte-tàkéte síwájú Jésù. A máa ń wàásù lórí ìdáríjì tó rí gbà. A máa ń wàásù lórí bó ṣe dìde tó ń rìn. A tiẹ̀ máa ń wàásù lórí òrùlé pàápàá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ kẹta. Máàkù ò dárúkọ àwọn tó gbé e wá. Kò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó rí i dájú pé ó sọ nípa wọn ni iye wọn. Mẹ́rin ni wọ́n. Àkéte ní igun mẹ́rin, ẹnì kọ̀ọ̀kan di igun kan mú.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ká ní ìyàwó ọkùnrin yẹn nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ìfẹ́ ò ní dín lọ́kàn rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ò ní dín. Ó lè fà á nílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dé orí òrùlé. Àwọn baba wa ti sọ pé ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí, wọn ò sì fi ẹni tó nígbàgbọ́ ṣe àyàfi.

Ẹ tún wo ẹsẹ karùn-ún. Ìwé Mímọ́ sọ pé Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*. Ó rí i. Ìgbàgbọ́ tó ṣeé fojú rí ni: òógùn ń bọ́ lójú wọn, erùpẹ̀ òrùlé wà lórí wọn, okùn ti ha wọ́n lọ́wọ́. Orí ìgbàgbọ́ ènìyàn mẹ́rin yẹn ni ọ̀rọ̀ ìwòsàn ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, àkéte wà, aláìsàn wà lórí rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyàwó ni. Tàbí ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ. Tàbí ìyàwó ọmọ. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wá fẹ́ kán, a ó dúró lókèèrè, a ó ní kó tẹ̀ síwájú nínú ìgbàgbọ́. Ará mi, èyí kì í ṣe ìyìn rere.

*"Ó rẹ̀ mí" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀*

Èlíjà ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Nínú 1 Àwọn Ọba orí kejìdínlógún, ó pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì. Orí tó tẹ̀ lé e gan-an, ọkùnrin iná yìí kan náà ló jókòó sábẹ́ igi kan nínú aginjù, tó ní ó ti tó, kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Àárín orí méjì Bíbélì ni o!

Kí ni Ọlọ́run ṣe fún un? Kò bá a wí. Kò rán an létí iná Kámẹ́lì. Ó jẹ́ kó sùn. Nígbà tó yá, áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun: àkàrà gbígbóná àti omi ló wà níbi orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Kò sẹ́ni tó ní, "Oorun tó yìí ò tíì tó ọ?" Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bọ́ ọ, ó sì gbà fún un pé ọ̀nà yẹn jìn jù fún un. Ẹ gbọ́ ìyẹn? Ọ̀run gan-an ló gbà pé ọ̀nà náà pọ̀ jù fún un. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó rìn dé òkè Hórébù, tó sì gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oúnjẹ àti oorun ló kọ́kọ́ dé, kí ọ̀rọ̀ tó dé. Èmi pásítọ̀ yín, ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé fún arábìnrin yẹn. Mi ò tiẹ̀ rántí oúnjẹ.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí o ti gba irú àdúrà tí arábìnrin yẹn gbà rí, jọ̀wọ́ má sá fún Ọlọ́run. Kì í ṣe Èlíjà nìkan. Mósè náà, nínú Númérì 11:15, sọ fún Ọlọ́run pé kó kúkú pa òun, torí ẹrù àwọn ènìyàn yẹn ti wúwo jù fún òun nìkan. Ọlọ́run ò bínú. Ó ní kó wá àádọ́rin àgbààgbà tí wọn yóò bá a rù ú. Ọlọ́run mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kórìíra ọkọ rẹ̀ àti ẹni tí àìsùn ń pa lọ. Àdúrà òru yẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Ó jọ igbe ọmọ tó ń sunkún torí pé oorun ń kùn ún, bàbá ọmọ sì mọ ohun tí ẹkún yẹn túmọ̀ sí.

Bí o bá sì jágbe mọ́ ìyá rẹ lálẹ́ àná, torí pé ó tún da omi ọbẹ̀ sórí aṣọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ fún un, lọ bá a, dì í lọ́wọ́ mú, tọrọ àforíjì, kí o sì tún bẹ̀rẹ̀. Má fi wákàtí kan tí inú bí ọ ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọdún tí o ti fi tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá tó ti dàgbà tún jẹ́ kí n rántí àwọn kan. Àwọn kan nínú yín ń tọ́jú òbí tí kò mọ̀ yín mọ́. Orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló ń pè ọ́. O ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lóúnjẹ tán, ó ń ké sí ará ìta pé ebi ń pa òun láti àná. Ó ní o jí owó òun. Ará ìta á gbà á gbọ́, wọ́n á máa wò ọ́ bí ọ̀daràn. Àwọn mìíràn á tún máa sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kì í ṣojú lásán, pé ìyá náà ń jẹ́wọ́ ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ sílẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ni. Bí kíndìnrín ṣe lè ṣàìsàn ni ọpọlọ náà ṣe lè ṣàìsàn. Ọmọ tó ń tọ́jú irú òbí bẹ́ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ṣì wà láàyè. Bí ènìyàn bá kú, a máa ń sọ pé "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Èyí tí a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì jókòó sórí àga nílé, kò ní ìkíni. Ẹ bá wa wá ọ̀kan fún un.

*A ti mọ èyí tẹ́lẹ̀*

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ Yorùbá níbí la ti ṣe é, gbogbo ayé sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa.

Ní ọdún 1954, dókítà ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Kíkọ́ ilé ìwòsàn náà ò tíì parí. Dípò kó jókòó máa dúró de bíríkìlà, ó tọ àwọn abúlé tó yí Àrò ká lọ, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé kí àwọn aláìsàn wá máa gbé láàárín wọn. Àdéhùn kan wà níbẹ̀: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o. Ìbátan yìí ló máa dáná, tó máa fọṣọ, tó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tó sì máa mú un padà.

Iṣẹ́ yìí lókìkí káàkiri ayé. Lambo fúnra rẹ̀ wá di igbá kejì olórí àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ nìyí. Dókítà yẹn pe ìbátan, kò sì fi ìbátan sílẹ̀ lóun nìkan. Ìbátan wà, ará abúlé wà, nọ́ọ̀sì wà, dókítà wà. Ẹ kà wọ́n: igun mẹ́rin.

Àwa ti òde òní ńkọ́? A mú ìbátan, a ju abúlé nù.

Ẹ má sì jẹ́ ká sọ pé a ò láàánú. A láàánú. Ẹ rántí ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì Saint Francis ní Ọ̀wọ̀ níbí, tí wọ́n pa àwọn ènìyàn wa nínú ilé Ọlọ́run. Wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ sí FMC àti ilé ìwòsàn Saint Louis. Wọ́n kéde pé ẹ̀jẹ̀ ò tó, àwọn ènìyàn sì lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìjọ tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fara gbọgbẹ́ á padà sílé. Ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ wà nínú wọn. Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnì kan wà tó ń fọ egbò, tó ń ti kẹ̀kẹ́, tó ń jí lóru nígbà tí ẹni náà bá ń pariwo lójú oorun. Ọjọ́ kan ni jàǹbá máa ń ṣẹlẹ̀, ọdún gbọọrọ ni ìtọ́jú máa ń gbà. Àánú wa dà bí iná pápá: ó máa ń tètè ràn, ó sì máa ń tètè kú. Ẹyin iná ìdáná ni olùtọ́jú aláìsàn ń fẹ́, èyí tí a ó máa koná mọ́ lójoojúmọ́.

*Ta ni yóò di igun wo mú?*

*Igun kìíní: àkókò rẹ.* Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú "Ẹ pè mí bí ẹ bá nílò nǹkan kan." Ẹni tó ti rẹ̀ kò ní pè ọ́. Ojú á tì í, tàbí kó má tiẹ̀ mọ ohun tí ì bá ní kí o ṣe. Sọ ọjọ́, sọ wákàtí: "Màmá, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láago méjì, mo máa jókòó tì wọ́n títí di aago márùn-ún. Ẹ lọ sùn." Kí o sì lọ ní tòótọ́.

*Igun kejì: ọwọ́ rẹ.* Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ mi. Gbígbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan, ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ní agbára rẹ̀ jù. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ obìnrin ti bàjẹ́ nídìí gbígbé ẹni tó wúwo jù wọ́n lọ. Ènìyàn méjì ló yẹ kó máa ṣe é. Pọn omi fún wọn. Fọ aṣọ. Se ọbẹ̀ kí o gbé e lọ, má sì dúró gba àwo.

*Igun kẹta: ẹbí tó wà lókèèrè.* Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà l'Ékòó, l'Ábújá, ní London, tí ẹ wà lórí ìlà yìí, a mọ̀ pé ẹ ń fi owó ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i. Owó jẹ́ igun kan, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú òbí yín, kí ẹ má sì máa fi ọ̀rọ̀ wádìí bó ṣe náwó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá sílé ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ ní kí òun lọ sinmi, kí ẹ̀yin náà mọ bí òru ṣe máa ń gùn. Mo fẹ́ sọ eléyìí pẹ̀lú ìfẹ́: ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣètò màlúù àti aṣọ ẹbí fún ìsìnkú ẹni tí a ò rán ẹnikẹ́ni sí láti bá a wẹ̀. Owó màlúù kan lè san owó olùrànlọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan. Kí ọ̀nà ilé má ṣe jẹ́ ohun tí ẹ máa mọ̀ nígbà tí òkú bá sùn nìkan.

*Igun kẹrin: etí àti ọ̀nà ilé ìwòsàn.* Bi olùtọ́jú léèrè, kí o sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Má wàásù. Fara balẹ̀ wo àwọn àmì yìí: kò rí oorun sùn, kódà nígbà tí àyè wà, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́n lẹ́nu, orí fífọ́ àti ara ríro ò lọ, inú ń bí i sí gbogbo nǹkan, ó ń sunkún láìsí ìdí, ohun tó máa ń mú inú rẹ̀ dùn ò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́, ó ń sọ pé ayé ti sú òun. Bí èyí bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kọjá àárẹ̀ lásán. Ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìsàn tó ní ìtọ́jú sì ni. Bá a lọ sí ìlé ìlera ìjọba tó wà nítòsí, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wọ mọ́tò lọ sí FMC ní Ọ̀wọ̀, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Àkúrẹ́. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di wèrè. Bí èrò láti pa ara rẹ tàbí láti pa aláìsàn lára bá ń wá sí ọ lọ́kàn, má dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Sọ fún ẹnì kan lónìí yìí, má sì dá wà. Pe èmi náà, kódà bó jẹ́ òru.

*Ìwọ náà, jẹ́ kí wọ́n gbé e*

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ìwọ olùtọ́jú. Nígbà mìíràn, àwa la máa ń di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú tí a ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. "Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ̀kọ wọn." "Wọ́n á rí bí ilé mi ṣe rí." "Kí ni àwọn ènìyàn á sọ pé mo jẹ́?"

Wo Jésù lórí àgbélébùú. Ìyá rẹ̀ dúró níbẹ̀. Òun ni àkọ́bí, òun ló tọ́ sí láti tọ́jú ìyá. Nínú ìrora yẹn, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn, ó sì fa ìyá lé e lọ́wọ́. Láti wákàtí náà ni ọmọ ẹ̀yìn yẹn ti mú un lọ sílé ara rẹ̀. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá lè fi ìtọ́jú ìyá rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ló dé tí ìwọ ò fi lè jẹ́ kí arábìnrin kan jókòó ti ìyá tìrẹ fún wákàtí mẹ́ta?

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ṣe já sí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta nínú Ẹgbẹ́ Ìyá pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà máa ń yà láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń bá wọn gbé bàbá dé ibi ìwẹ̀. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ti ń pe bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, á máa sọ ìtàn fún un lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Lọ́sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ní láti tún ètò náà ṣe. Kò pé, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Bàbá ò tíì dìde. A ṣì ń gbàdúrà. Àmọ́ màmá ti ń sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ wọn. Mo bá bàbá lórí àga lábẹ́ igi, ẹnì kan ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Mo béèrè màmá. Wọ́n fi ọwọ́ sẹ́nu pé kí n rọra sọ̀rọ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó nà án sí yàrá, ó sì rẹ́rìn-ín.

*Ìgbésẹ̀ tòní:* Ronú ilé kan tí àìsàn wà ní àdúgbò rẹ. Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, pe ẹni tó ń tọ́jú, kí o sì béèrè òun fúnra rẹ̀ kí o tó béèrè aláìsàn. Lẹ́yìn náà, sọ ọjọ́ tí o máa wá.

*Àdúrà:* Olúwa wa, ìwọ tí kì í tòògbé, a fi gbogbo àwọn tí kò rí oorun sùn lé ọ lọ́wọ́. Mú àárẹ̀ wọn fúyẹ́. Dárí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìrora sọ jì wọ́n, kí o sì mú ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn kúrò lọ́kàn wọn. Wo àwọn aláìsàn wa sàn gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ rẹ. Dárí ji àwa tí a kọjá lẹ́nu ọ̀nà tí a kàn kí wọn tí a lọ. Fún wa ní ọwọ́ tó ń gbé, etí tó ń gbọ́, àti ẹsẹ̀ tó ń padà wá. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Ẹ kú aájò o, ẹ̀yin olùtọ́jú. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí èyí wà fún, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Bí ilé rẹ̀ bá sì wà nítòsí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọjọ́ rere o.